Ìbọn kọ̀, kò dún: kí ló ń ṣe ìbọn alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa?

Ẹ fojú inú wo ọdẹ kan nínú igbó Ìsẹ̀-Èkìtì, ní nǹkan bí aago méjì òru. Iná orí rẹ̀ ti bá ojú ẹran pàdé, ojú méjèèjì ń tàn yinrin bí ẹyin iná. Ó gbé ìbọn lé èjìká, ó di ọ̀kan mú, ó fà á. Kẹ́! Kò dún. Ó tún un gbé, ó tún fà á. Kẹ́! Ẹran ti bẹ́ sígbó, ó ti lọ. Tó bá jẹ́ ẹran nìkan ló wà níwájú rẹ̀, ọdẹ yóò pòṣé, yóò gbé ìbọn kọ́ èjìká, yóò sì máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ìyàwó yóò bi í pé kí ló dé, yóò ní igbó kò dáa lóru òní. Ó parí náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹran nìkan kọ́ ló ń gbé inú igbó Èkìtì mọ́. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé AK-47 dání, èèyàn ni wọ́n ń dọdẹ. Bí ọdẹ bá ko irú wọn lóru, tó fa ìbọn, tí ìbọn sì ní "kẹ́", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí etí rẹ̀ yóò gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn.

Kì í ṣe àlọ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé ìwé kan dúró ní Emùré-Èkìtì, wọ́n kó àwọn ọmọdé àtàwọn olùkọ́ wọn wọgbó. Lọ́jọ́ kan náà, ní apá Ìkọ̀lé, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà, Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn. Gbogbo Èkìtì ló mì tìtì. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì kí wọ́n tó tú àwọn ọmọ Emùré sílẹ̀. Àwọn wo ló wọgbó lọ wá wọn? Ọlọ́pàá wà níbẹ̀, sójà wà níbẹ̀, Àmọ̀tẹ́kùn wà níbẹ̀. Àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀, torí àwọn ló mọ ibi tí odò wà, tí wọ́n mọ ojú ọ̀nà tí àgbẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Ìbọn wo ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ? Ṣakabùlà. Ìbọn tí wọ́n ń kì láti ẹnu, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń dún, kí wọ́n tó tún un kì.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín lọ́sẹ̀ yìí rèé. Gbogbo ìgbà tí ìbọn bá kọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ, àlàyé méjì ló máa ń tẹ̀ lé e. Àwọn kan á ní ayé ló di ìbọn náà. Àwọn kan á ní kó gbé e padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kó bá a tún un ṣe. Ìkíní kò gbé ọdẹ débì kankan. Ìkejì ló léwu jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ayé. Ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àpáta Olósùnta ti ń wo gbogbo ìlú láti òkè, tí Olúkẹ́rẹ́ sì ti ń bọ ọ́ lọ́dọọdún, kò sẹ́ni tó lè sọ pé agbára àwọn baba kò sí. Ọ̀rọ̀ ọdẹ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àná níbẹ̀, nítorí ìtàn Ìkẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ sọ pé ọdẹ tó ń lépa erin ni Ògògà àkọ́kọ́, láti Benin ló ti gbéra. Nítorí náà, bí ọdẹ Ìkẹ́rẹ́ bá ní wọ́n di ìbọn òun, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí ná. Ìbọn tí wọ́n ń kì láti ẹnu, tó ń fi ẹ̀tù jó, ó máa ń kọ̀ láìsí ọwọ́ ọ̀tá kankan níbẹ̀. Ẹ̀tù kò fẹ́ omi rárá. Ìrì nìkan tó, kò tiẹ̀ dé orí òjò. Òógùn ara ọdẹ tó fi àpò ẹ̀tù mọ́ ìbàdí náà tó. Ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé bá ẹ̀tù sì máa ń dí pẹ̀lú eérú ẹ̀tù àná. Ìbọn tó bá gbé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fún oṣù mẹ́ta, ìpẹtà yóò ti jẹun nínú rẹ̀. Gbogbo èyí kò nílò àjẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kan ẹ̀mí èèyàn ni ti ayẹta. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, bóyá ní abúlé yín gan-an: ọ̀dọ́kùnrin kan ṣe ayẹta, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun yìnbọn sí òun láti dán an wò. Ìbọn kọ̀, kò dún. Gbogbo ìlú pariwo, wọ́n ní oògùn jẹ́! Ṣé oògùn ló jẹ́ ni, àbí ìbọn tó máa ń kọ̀ ló kọ̀ bó ṣe máa ń kọ̀? Ìbọn tí kò ṣeé gbára lé ló ń sọ ọ̀pọ̀ oògùn di olókìkí. Lẹ́yìn náà ni irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ á wá lọ dúró níwájú ìbọn tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe, tí kò mọ baba ẹni tó se oògùn, tí kò sì gbọ́ ọfọ̀ lédè Yorùbá. Ẹni tó bá ní ojú kó wò ó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Bí ẹ bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹwìrì ọ̀kan nínú wọn láàárọ̀, irú ọ̀rọ̀ tí ẹ lè gbọ́ nìyí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba."

"Òo, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

"Adúpẹ́, Baba. Ìbọn yìí mà ni o. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóru àná."

"Ṣé òjò pa yín ni?"

"Ó pa wá díẹ̀, sà."

"O ti yọ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

Ọdẹ dákẹ́. Ó wo ilẹ̀. Bàbá ti fò dìde lórí àpótí.

"Ṣé o ya wèrè ni? Gbé ẹnu ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi jọ̀ọ́! Níbi tí iná wà!"

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó gé, ọ̀pọ̀ ojú tó fọ́, ibẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ìbọn tó kọ̀ kò túmọ̀ sí pé ó ti ṣófo. Nígbà mìíràn iná ti mú ẹ̀tù lábẹ́, ó ń jó díẹ̀díẹ̀, kò tíì gbiná ni. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dún, nígbà tí ọdẹ bá ti yí ẹnu ìbọn padà láti yọjú wo ohun tó ń ṣe é.

Èyí tó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ti ibi ìsìnkú ọdẹ. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n ń sun ìrèmọ̀jé, ìlù ń dún, àádọ́ta ọdẹ ń yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín gba gbogbo ojú ọjà. Nínú ariwo yẹn, ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ kọ̀ lè má mọ̀ rárá pé tòun kò dún. Ó rò pé ó ti yìn ín, ó tún kì í. Kì méjì ti wọ inú ọ̀pá kan. Bí ìyẹn bá wá gbiná, kì í ṣe ẹnu nìkan ni yóò gbà jáde.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọdẹ wa nìkan ni òmùgọ̀, kó gbọ́ ti Amẹ́ríkà. Ní oṣù keje ọdún 1863, lẹ́yìn ogun Gettysburg, wọ́n ṣa ìbọn tó lé ní 27,000 jọ lójú ogun. Nínú wọn, nǹkan bí 24,000 ló ṣì ní ẹ̀tù àti ọta nínú. Ìdajì àwọn yẹn, wọ́n ti kì í lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn mìíràn ti gba kì mẹ́ta, mẹ́rin, títí dé mẹ́wàá. Sójà tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ogun ni wọ́n o! Ariwo àti ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìbọn wọn ti kọ̀ látàárọ̀.

Ká padà sọ́dọ̀ Bàbá alágbẹ̀dẹ. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀. Ọdẹ tún súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè bá mi ṣe irú èyí tó ń gba ọta márùn-ún lẹ́ẹ̀kan? Tí yóò máa ti ara rẹ̀ wọlé?"

"Ọmọ mi, mo lè ṣe ohun tó jọ ọ́. Èmi kọ́ ni màá wà ní ìdí rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ dún."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà tuntun wà. Àwọn ìbọn tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe lóde òní kì í ṣe ṣakabùlà nìkan mọ́. Àwọn kan ń gba kátíríìjì. Àwọn kan ń gbìyànjú láti gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí èyí tí sójà ń lò. Irú èyí ló sì ń há jù. Kátíríìjì á kọ ibi tó yẹ kó wọ̀, tàbí kó wọ̀ tán kó kọ̀ láti jáde, tàbí kí méjì jọ fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà bí èrò tó ń jà sẹ́nu ọ̀nà mólúè. Àwọn èèyàn rò pé bí ẹnì kan bá ti lè fi fáìlì gé e díẹ̀ níhìn-ín, kó lù ú díẹ̀ lọ́hùn-ún, yóò lọ geere. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó ń mú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ni pé gbogbo irin inú rẹ̀ bá ara wọn mu débi tí ojú kò lè rí àlàfo tó wà láàárín wọn. Ó tún nílò irin tó lágbára láti gba ìbínú iná tó ń jó nínú rẹ̀. Ẹwìrì kò lè wọn ìyẹn. Bí ọ̀pá tí wọn kò ṣe fún ìbọn bá sì di ìbọn, iná yóò wá ibi tó rọ̀ jù lára rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò gbà jáde. Ibi tó rọ̀ jù yẹn, ní ìdí ìbọn ló sábà máa ń wà. Èèyàn ló gbé ojú lé ibẹ̀.

Kì í ṣe àbùkù fún àwọn alágbẹ̀dẹ wa o. Àwọn tó ní ẹ̀rọ, tó ní ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ní owó ìjọba pàápàá ti jìyà lórí ọ̀rọ̀ ìbọn tó ń há yìí. Èkìtì gan-an mọ̀ nípa rẹ̀, torí ogun Kírìjì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1877 ni ìbọn tuntun ti kọ́kọ́ fi agbára hàn nílẹ̀ wa. Ìbàdàn ní Láàtọ́ọ̀sà, Èkìtìparapọ̀ ní Ògèdèńgbé àti Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí. Ṣakabùlà ló kún ọwọ́ gbogbo wọn níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ló wá dáwó jọ, wọ́n fi ìbọn tí wọ́n ń kì láti ìdí ránṣẹ́ sílé, Snider àti Martini-Henry. Ẹni tó ń kì láti ẹnu gbọ́dọ̀ dìde dúró. Ẹni tó ń kì láti ìdí lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn òkúta, kó máa rọ̀jò ọta. Ìró àwọn ìbọn àti àgbá náà, kì-rì-jì, kì-rì-jì, ló di orúkọ ogun. Ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá.

Martini-Henry yìí kan náà, ìbọn ìgbéraga àwọn Òyìnbó, ló dójú tì wọ́n ní Sudan. Ní Abu Klea, ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1885, nígbà tí Kírìjì ṣì ń lọ lọ́wọ́ nílé níbí, ooru àti iyanrìn wọ inú ìbọn wọn. Idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi wé kátíríìjì lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá, ó ya, kò jáde mọ́. Àwọn sójà ń fi ọ̀bẹ yọ ọ́ níbi tí àwọn ọ̀tá ti ń sáré bọ̀. Ìbọn ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Gardner, tí wọ́n gbé gẹ́gẹ́ bí ọba ìbọn, yìn bí àádọ́rin ọta, ó há. Àwọn kan nínú àwọn tó wà nídìí rẹ̀ kú síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Amẹ́ríkà ní Vietnam. Wọ́n gbé M16 lé àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́ ní àárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n pààrọ̀ irú ẹ̀tù tó wà nínú ọta, wọn kò fi ohun tó ń dènà ìpẹtà sí inú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn sójà gbà pé kò nílò fífọ̀. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ kú pẹ̀lú ìbọn tó há lọ́wọ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn gbé ìwádìí dìde lórí rẹ̀ ní 1967. Tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tó ń rán èèyàn lọ sójú òṣùpá, kí ni ẹ fẹ́ kí Bàbá tó jókòó ti ẹwìrì ṣe?

Òfin tún wà níbẹ̀ o, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀ ọ́n. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, ti ọdún 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀kan ni àwọn tí a kò gbọ́dọ̀ ní rárá àfi pẹ̀lú àṣẹ ààrẹ, irú bí ìbọn ogun àti ìbọn ìléwọ́. Ìkejì ni ìbọn ọdẹ olóyìnbó tó ń gba kátíríìjì, tí ọlọ́pàá ń fún èèyàn níwèé àṣẹ rẹ̀. Ìkẹta ni ṣakabùlà àti àwọn tó jọ ọ́, tí wọ́n ń kì láti ẹnu. Ìyẹn náà nílò ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé baba ọ̀pọ̀ ọdẹ kò gbà á rí. Òfin yìí kan náà kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ṣe ìbọn, láti to ó pọ̀, tàbí láti tún un ṣe láìgba àṣẹ. Ẹ gbọ́ dáadáa: títún un ṣe náà wà níbẹ̀. Òfin mìíràn tó jáde ní 1984, lórí ìdigunjalè àti ìbọn, sọ pé ẹni tó bá ní ìbọn láìtọ́ yóò san ₦20,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. Nítorí náà, ọdẹ tó ní kí wọ́n sọ ṣakabùlà òun di ìbọn ọlọ́ta márùn-ún ti kúrò níbi tí òfin ti ń wò ó bí ọdẹ. Níwájú adájọ́, òun àti adigunjalè ti di ọ̀kan náà, kódà bó jẹ́ pé igbó Emùré ló ń ṣọ́.

Ibi tí ó dùn èèyàn jù nìyí. Nígbà tí àwọn gómìnà ìwọ̀ oòrùn gúúsù dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2020, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni mínísítà ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní kò bófin mu. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá ṣe òfin tirẹ̀, Èkìtì náà ṣe tirẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, gómìnà Òǹdó nígbà náà, Rotimi Akeredolu, bínú sọ̀rọ̀ pé kí ló dé tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kan lápá òkè ọya fi ń gbé AK-47 tí wọn kò sì fẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé e. Ìjọba àpapọ̀ fèsì pé àwọn kò fún ìpínlẹ̀ kankan láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ bi àwọn tó wà ní ilé ìjọba léèrè: ṣé wọ́n lè fi ṣakabùlà ṣọ́ ilé tiwọn? Bí ìjọba bá fẹ́ kí ọdẹ máa ṣọ́ ìlú, kó fún un ní ìwé àṣẹ, ìbọn tí ilé iṣẹ́ ṣe, ẹni tó máa kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó, àti ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ bó bá fara pa. Kí wọ́n má fi alágbẹ̀dẹ ṣe ilé ìkó-ìbọn-sí wọn láì sọ ọ́ síta.

Títí dìgbà tí wọn á ṣe é, ọdẹ tó fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀ kó gbọ́. Bí ìbọn bá kọ̀, kó má yí ẹnu rẹ̀ sí ojú ara rẹ̀, kó má sì yí i sí ẹnì kejì rẹ̀. Kó kọjú rẹ̀ sí ilẹ̀ tàbí ibi tí èèyàn kò sí, kó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan láì fọwọ́ kan nǹkan. Kó má tún un kì. Kó má fi igi tàbí irin gún inú rẹ̀. Sìgá kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí, àtùpà kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Èyí tó bá sì ti sán lára, tàbí tó ti wú, kò sí àtúnṣe fún un mọ́. Bó bá ti bú mọ́ ọ lọ́wọ́, aṣọ tó mọ́ ni kí wọ́n fi di ọgbẹ́ náà pinpin, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ìpá. Ẹ̀tù àti ewé tí wọ́n ń rọ́ sójú ọgbẹ́ yẹn ló ń sọ ìka kan di apá odindi.

Ọdẹ wa tó kúrò lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ láàárọ̀, kò rí àtúnṣe gbà. Ó gbé ìbọn náà padà sílé, inú rẹ̀ kò dùn, oorun ń kùn ún. Ibi tó máa ń gbé e sí náà ló gbé e sí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, pẹ̀lú ẹ̀tù àná nínú rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀. Níta, àwọn ọmọ ti dé láti ilé ìwé, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń wá ibi tí ìyá wọn kó kọ́kọ́rọ́ kíṣìnì sí.